Kí ló ń jẹ́ polydivisible number gan-an?

Ẹ ṣí kakulétọ̀ orí fóònù yín, ká jọ yẹ nọ́ńbà kan wò: 381654729. Ọwọ́ òsì la ti máa bẹ̀rẹ̀. Díjítì méjì àkọ́kọ́, 38, ẹ pín in sí méjì, kò ku nǹkan kan. Mẹ́ta àkọ́kọ́, 381, ẹ pín in sí mẹ́ta, 127. 3816 sí mẹ́rin, 954. Báyẹn náà ló ṣe ń lọ, 3816547 sí méje ń jẹ́ 545221, títí tí gbogbo ẹ̀ fi máa pín sí mẹ́sàn-án. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ làwọn oníṣirò ń pè ní polydivisible.

Ti 381654729 tún wá yàtọ̀ o, torí 1 dé 9 ló pé síbẹ̀, kò sí èyí tó jáde lẹ́ẹ̀mejì, òun nìkan ṣoṣo ló sì wà tó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà 362880 lèèyàn lè gbà to díjítì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dán gbogbo ìyẹn wò? Nọ́ńbà tó bá pín sí márùn-ún, 0 tàbí 5 ló ń gbẹ̀yìn ẹ̀, 0 ò sì sí níbí, 5 ti gba ipò karùn-ún nìyẹn. Ipò kejì, ìkẹrin, ìkẹfà àti ìkẹjọ, even ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí náà ti 2, 4, 6, 8 ni, 1, 3, 7, 9 á lọ pín ìyókù láàárín ara wọn. Ó ti já sí 576 báyìí. Ti 9 ò tiẹ̀ ní wàhálà, torí bó ti wù kẹ́ ẹ tò ó, àròpọ̀ wọn 45 ni, nọ́ńbà tí àròpọ̀ díjítì ẹ̀ bá sì pín sí 9, òun náà á pín sí i. Méje gan-an lọ̀daràn, òun ni kò ní àbùjá tó rọrùn.

Tá a bá wá gbà kí díjítì máa tún ara ẹ̀ sọ, kí 0 náà sì wọlé ńkọ́? Iye polydivisible oní-díjítì méjì tó wà jẹ́ 45, oní-mẹ́ta 150, oní-mẹ́sàn-án 2492, oní-mẹ́wàá náà 2492 géérégé, torí 0 nìkan ni wọ́n lè fi kún un kó tó pín sí mẹ́wàá. Látibẹ̀ ló ti ń wálẹ̀. Ìdí ẹ̀ ni pé díjítì mẹ́wàá péré la ní láti fi kún un, tó bá sì jẹ́ 20 la fẹ́ fi pín in, ó lè má sí ìkankan nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó máa bá a mu. Tó bá fi dé díjítì 25, ẹyọ kan ló kù: 3608528850368400786036725. Èyí tó wù kẹ́ ẹ fi sẹ́yìn ẹ̀, kò ní pín sí 26.