Ṣé Lóòótọ́ Ni Pé Alàwàdà Ò Nílò Olùdarí?

Bí fíìmù kan bá pa èèyàn lẹ́rìn-ín dáadáa, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kò sẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn fún òṣèré náà, ó kàn ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bọ́ sórí èyí tó burú jù: pé àwàdà ò nílò olùdarí, kí wọ́n ṣáà ti gbé kámẹ́rà síwájú ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń fowó ṣe fíìmù pàápàá, ó sì máa ń dùn mí, torí ó ń ba iṣẹ́ àwọn alàwàdà wa jẹ́.

Ìgbàgbọ́ náà ní ibi tó ti wá. Àwọn ẹgbẹ́ eré tó ń ti ìlú dé ìlú láyé ọjọ́un, bí ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí àti ti Moses Ọláìyá tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Bàbá Sàlá, kì í sábà kọ ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀. Ọ̀gá á sọ ìtàn, kálukú á wá ti inú ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Ṣùgbọ́n eré kan náà ni wọ́n máa ṣe ní Òṣogbo lónìí, ní Iléṣà lọ́la. Ọ̀rọ̀ tí èrò bá rẹ́rìn-ín sí á dúró, èyí tí wọ́n bá dákẹ́ sí á pòórá. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọ̀rọ̀ tó dà bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ lẹ́nu ti gba ojú ọ̀pọ̀ òǹwòran kọjá. Àwọn òǹwòran yẹn ń bá ọ̀gá darí eré láìmọ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, kò sí èrò. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pa ẹnu mọ́, kí ẹ̀rọ má baà gba ẹ̀rín wọn sílẹ̀. Alàwàdà á sọ ọ̀rọ̀ tó dùn, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ta ló máa wá sọ fún un pé ó tó, tàbí pé ó ti pọ̀ jù? Àfi olùdarí.

Billy Wilder, olùdarí fíìmù kan ní Amẹ́ríkà, mọ èyí. Nínú Some Like It Hot, tó jáde ní 1959, Jack Lemmon tó múra bí obìnrin ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ọkùnrin olówó kan ti fẹ́ òun sọ́nà. Wilder rí i pé ní ilé sinimá, ẹ̀rín tó máa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kan á bo èyí tó kàn mọ́lẹ̀. Ó wá kó maracas, ohun èlò tó jọ ṣẹ́rẹ́, lé Lemmon lọ́wọ́ pé kó máa mì ín láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Ẹni tó ń wò ó á rò pé ayọ̀ ló ń gùn ún. Àyè ẹ̀rín ni Wilder ń fi sílẹ̀, fún àwọn tí kò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Wilder kì í fẹ́ kí òṣèré yí ọ̀rọ̀ padà, òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká wá mú Charlie Chaplin, alàwàdà tó ń darí fíìmù ara rẹ̀, tó sì máa ń wá eré níwájú kámẹ́rà. Ìran inú ilé oúnjẹ ló kọ́kọ́ yà nínú The Immigrant ti 1917, láìtíì mọ ibi tí ìtàn ń lọ. Henry Bergman ló fi ṣe wéítà. Nígbà tó rí i pé wéítà yẹn ò dẹ́rù bani tó, ó fi Eric Campbell, òmìrán ọkùnrin, rọ́pò rẹ̀, ó sì tún un yà. Ìran inú ọkọ̀ òkun tó bẹ̀rẹ̀ fíìmù náà, ẹ̀yìn ló dé sí i lọ́kàn. Kevin Brownlow àti David Gill, tí wọ́n ṣe fíìmù nípa iṣẹ́ Chaplin, fi àwọn àwòrán tó yà tí kò lò han aráyé ní 1983. Òṣèré ń dá àrà nínú wọn, olùdarí ń sọ pé rárá, èèyàn kan náà sì ni àwọn méjèèjì.

Bàbá Sàlá alára, pẹ̀lú gbogbo òkìkí rẹ̀, Ọlá Balógun ló gbé fíìmù rẹ̀ Ọ̀run Móoru ti 1982 fún pé kó bá òun darí rẹ̀.

Nítorí náà, bí òṣèré méjì bá ń bú ara wọn nínú fíìmù wa títí ó fi sú yín, ẹ má tètè sọ pé wọn ò mọ iṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí mẹ́ta nínú rẹ̀ dára gan-an. Ẹni tó yẹ kó mú mẹ́ta yẹn, kó gé méjìlá tó kù dànù, ni wọn ò fẹ́ sanwó fún.