Kétu Ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Ti Ṣẹ̀

Àwọn àgbà ní ojú tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Ijó tí ọkùnrin ń gbé ère lérí jó ni. Ibi tí ìran ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ará ààlà Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà ò tíì fẹnu kò lé lórí. Àwọn kan ní ìlú Ìlóbì ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ìtàn Kétu, ìlú Yorùbá tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Wọ́n ní nígbà tí ọba Kétu kan wàjà, àwọn ìbejì rẹ̀, Akàn àti Ẹdun, ń du oyè. Ẹdun gbọ́ pé èkejì òun fẹ́ pa òun, ló bá so ìkarahun ìgbín mọ́ okùn, ó ta á dí ọ̀nà kó lè máa dún bí ọ̀tá bá ń bọ̀ lóru. Ó tún gbé ère kalẹ̀, ó wọṣọ fún un bí ènìyàn. Ère, aṣọ, ariwo, òru: kí ló tún kù nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́? Lójú tèmi, ìkarahun yẹn náà ló di ìkù, irin tí oníjó ń kó sẹ́sẹ̀ títí dòní.

Ifá ní tirẹ̀ sọ ti Yewájọbí tó ń wá ọmọ. Wọ́n ní kó rúbọ, kó gbé ère lérí, kó kó irin sẹ́sẹ̀, kó máa jó. Ó ṣe é, ó sì bímọ. Èyí ò ba ti Kétu jẹ́ rárá; ìdí tí a fi ń jó o ló ń sọ, torí àwọn ìyá wa, àwọn obìnrin tó ní agbára àwámárìídìí, la ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tù lójú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjà, tó jẹ́ ilé obìnrin, ni wọ́n ti ń jó o, tí Ìyálàṣẹ sì ń darí ẹgbẹ́. Ọkùnrin ló ń jó, ṣùgbọ́n gèlè àti ọ̀já tí wọ́n yá lọ́wọ́ ìyàwó àti ìyá wọn ni wọ́n ń wé, tí wọ́n á sì di ọmú àti ìdí ńlá sára. Ní òru tó ṣáájú, Ẹ̀fẹ̀, olórin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, á ti fi orin bú oníwàkiwà títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Igi ọ̀mọ̀ ni agbẹ́gilére fẹ́ràn, torí ó fúyẹ́. Àáké ló fi ń là á, ọ̀bẹ ló fi ń dán an. Láyé àtijọ́, efun, osùn àti ẹ̀lú ló fi ń kùn ún. Ère náà kì í bo ojú. Orí ló ń jókòó sí bíi fìlà, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń bo ojú oníjó, òun náà ló sì fi ń ríran. Ìlú Ìmẹ̀kọ, ọmọ Kétu, ni gbajúmọ̀ agbẹ́gilére Dúgà ti gbẹ́ tirẹ̀, ẹni tí William Bascom, onímọ̀ àṣà ará Amẹ́ríkà, jókòó tì lọ́dún 1950.

Ìjọba Dàhòmì fọ́ Kétu lọ́dún 1886. Lọ́dún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ààlà, Ìmẹ̀kọ bọ́ sí Nàìjíríà, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ọ̀dà ilé ìtajà rọ́pò ẹ̀lú, alùpùpù àti ọkọ̀ òfurufú gun orí ère. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní àjogúnbá pàtàkì fún aráyé lọ́dún 2001, ó sì wọ ìwé àjogúnbá aláìṣeéfọwọ́kàn ti aráyé lọ́dún 2008, lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò.