Apá nìkan, àbí apá pẹ̀lú ẹsẹ̀?

Wo àwọn méjì tó fẹ́ gbé àpò ìrẹsì 50 kg ru alábàárù ní Ìdúmọ̀tà. Wọ́n á di àpò náà mú, wọ́n á rọ orúnkún díẹ̀, ẹnì kan á ní "ó yá!", wọ́n á na itan lẹ́ẹ̀kan náà, àpò á sì ti kọjá àyà kí apá tó dá sí i. Kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fi apá nìkan gbé e. Àmọ́ bí ọmọkùnrin kan ní jíìmù ní Mushin bá fi orúnkún bẹ́ẹ̀ ti ọ̀pá irin sókè orí, àríyànjiyàn dé nìyẹn: wọ́n á ní ó ṣe mágòmágó. Kò ṣe mágòmágó. Iṣẹ́ mìíràn ló ṣe, àfi tó bá ń pè é ní orúkọ iṣẹ́ àkọ́kọ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ni àwọn tó ń gbé irin ń pè ní strict press. Ọ̀pá á jókòó sí iwájú èjìká, lábẹ́ àgbọ̀n. Ọwọ́ á dì í mú ní ìwọ̀n tó fẹ̀ díẹ̀ ju èjìká lọ, ìgúnpá á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Orúnkún ti na, ìdí ti le, ikùn ti le. Láti ibẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ kò níṣẹ́ mìíràn ju kó dúró lọ. Iṣan èjìká ló ń ṣí ọ̀pá nídìí, iṣan òkè àyà ń ràn án lọ́wọ́, iṣan ẹ̀yìn apá ló sì ń na ìgúnpá tán lókè. Orí gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn díẹ̀ kí ọ̀pá lè gba iwájú imú kọjá tààrà. Tó bá ti ré iwájú orí kọjá, orí á padà sí àyè rẹ̀, kí ẹrù lè wà lókè àárín ẹsẹ̀ gan-an. Ẹni tí kò bá fa orí sẹ́yìn á máa gbé ọ̀pá yí àgbọ̀n ká, bẹ́ẹ̀ bí ẹrù bá ṣe jìnnà sí ara tó ló ṣe ń wúwo tó.

Ibi méjì ló ti máa ń há: ìgbà tí ọ̀pá ń kúrò ní èjìká, àti nítòsí iwájú orí, níbi tí èjìká ti ń rẹ̀ tí ẹ̀yìn apá kò sì tíì gba iṣẹ́ náà dáadáa. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti máa ń gbọ̀n, tí ojú á pọ́n, tí àwọn ará ìta á máa pariwo "tì í, tì í!" bí ẹni pé kì í ṣe ohun tó ń ṣe látàárọ̀ nìyẹn.

Push press ni èkejì. Ronú danfo tí bátìrì rẹ̀ kú ní Òjúẹlẹ́gbà, tí kọ́ńdọ́ ń bẹ àwọn èrò kí wọ́n bọ́ sílẹ̀ wá tì í. Ìtì àkọ́kọ́ ló le jù. Bí táyà bá ti yí, ọwọ́ kàn ń tẹ̀lé e ni. Ẹsẹ̀ ló ń bá apá ṣe ìtì àkọ́kọ́ yẹn. Orúnkún á tẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí mẹ́fà, gìgísẹ̀ ò ní kúrò nílẹ̀, àyà ò ní tẹ̀ síwájú; bí ẹni tó ń fi ẹ̀yìn yọ̀ wálẹ̀ lára ògiri. Bó bá ti dé ìsàlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀ padà pẹ̀lú gbogbo agbára itan. Ọ̀pá á fò kúrò ní èjìká, á sì ti ń sáré nígbà tó bá dé ibi híhá kejì. Apá ló máa parí ìyókù.

Bí ó ṣe yára yí padà nísàlẹ̀ ṣe pàtàkì ju bó ṣe jìn tó lọ. Iṣan itan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nà máa ń ta padà bíi rọ́bà kànnàkànnà. Ṣùgbọ́n èèyàn lè fa rọ́bà kó sì dúró de ẹyẹ. Iṣan kì í dúró. Ẹni tó bá tẹ orúnkún tán tó tún dúró mí ti sọ púpọ̀ nínú agbára yẹn nù. Agbára tún máa ń jò lójú ọ̀nà. Bí ikùn bá rọ̀, àárín ara ló máa gbé e mì. Bí ọ̀pá bá wà lọ́wọ́ dípò kó jókòó sórí èjìká, agbára náà kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bíi fóòmù ń jẹ nínú rẹ̀, iyanrìn etíkun sì burú ju bàtà lọ.

Bí orúnkún bá tún tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kí ara lè wọ abẹ́ ọ̀pá, ó ti di jerk nìyẹn. Jerk ni Rafiatu Folashade Lawal, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé irin, fi parí 116 kg ní Birmingham lọ́dún 2022, nígbà tó gba góòlù àwọn obìnrin 59 kg ní ìdíje Commonwealth. Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara. Èjìká nìkan kò lè ṣe irú rẹ̀.

Àwọn adájọ́ gan-an ti kó sínú wàhálà àríyànjiyàn yìí rí. Láti 1928 títí di 1972, títì pẹ̀lú apá wà lára ohun mẹ́ta tí wọ́n fi ń díje gbígbé irin ní Olympics. Òfin ní kí orúnkún na. Bí ẹrù ṣe ń wúwo sí i, ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í tì, àwọn kan sì ń tẹ̀ sẹ́yìn débi pé àyà wọn kọjú sí òkè. Àyà ló wá ń ṣe iṣẹ́ èjìká, egungun ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ló sì ń jìyà rẹ̀. Ta ló fẹ́ fi ìṣẹ́jú àáyá kan mọ ibi tí títẹ̀ sẹ́yìn ti di ìrẹ́jẹ? Lẹ́yìn Olympics Munich 1972, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Snatch, ìyẹn gbígbé ọ̀pá láti ilẹ̀ dé òkè orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àti clean and jerk, ìyẹn gbígbé e dé èjìká ná kí wọ́n tó fi jerk tì í sókè, ló kù.

Ní jíìmù àdúgbò, ìwé ìkọ̀wé lásán tó. Ẹni tó ń fi apá nìkan ti 50 kg sábà máa ń lè fi ẹsẹ̀ ti 60 tàbí 65. Kó kọ méjèèjì lọ́tọ̀, kó má fi ọ̀kan yangàn lórúkọ èkejì. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, apá nìkan ló dáa, nítorí ó ń tú àléébù èjìká fó. Fún ẹni tó ti mọ ọ̀nà, ẹsẹ̀ á bá a gbé ẹrù tí apá kò lè dá gbé, á sì lè rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, iṣan á sì rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀ náà. Fóònù tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ á fi hàn bóyá orúnkún mì.

Kí wọ́n wo òkè náà o. Ní yàrá Ṣómólú tí fáànù ń yí lórí, ẹni tó ga tó 1.75 m á ti gbé ọ̀pá dé nǹkan bí 2.2 m, téńté wéètì ńlá á sì tún fi bí 22 cm ga ju ọ̀pá lọ. Ọ̀pá tí ẹsẹ̀ tì sì máa ń sáré. Ìta ni kí wọ́n ti ṣe é.