Ó ń rẹ̀ mí láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé ìyẹn ò tó ẹ́sásáìsì ni?

Màmá kan tí wọ́n ń ta aṣọ l'ọ́jà Wàsò wá ṣe fọ́tòkọ́pì ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Tákíè, la bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Dókítà ti ní kí wọ́n máa ṣe ẹ́sásáìsì torí ẹ̀jẹ̀ ríru, inú sì ń bí wọn. Wọ́n ní aago márùn-ún ìdájí làwọn ń jí, aago mẹ́jọ alẹ́ làwọn ń wọlé, ìgbà wo làwọn fẹ́ máa sáré kiri Ògbómọ̀ṣọ́ bíi sójà. Mo dá wọn lóhùn díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìyókù rèé.

Ìbéèrè: Ṣé iṣẹ́ tó ń rẹ èèyàn kì í ṣe ẹ́sásáìsì ni?

Ìdáhùn: Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ o. Oòrùn ń rẹ èèyàn, ariwo ń rẹ èèyàn, oníbàárà tó tú aṣọ mẹ́wàá sílẹ̀ tí ò ra ẹyọ kan tún wá burú ju gbogbo ẹ̀ lọ, àmọ́ orí àpótí lẹ jókòó sí nígbà tí gbogbo ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, ọkàn yín ò yára lù rárá, àfi ti ìbínú.

Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní London tó ń jẹ́ Jeremy Morris, dókítà ni. Lọ́dún 1953 ó gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn tó ń wa bọ́ọ̀sì alájà méjì níbẹ̀ àti àwọn kọ̀ńdọ́ wọn. Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń bá kiri, ó sì ń rẹ àwọn méjèèjì tí wọ́n bá délé, àmọ́ dẹ́rẹ́bà jókòó sídìí ọkọ̀ látàárọ̀, kọ̀ńdọ́ ń gun àtẹ̀gùn lọ gbowó lókè, á tún sọ̀ kalẹ̀, á tún gùn ún. Àrùn ọkàn ń mú dẹ́rẹ́bà ju kọ̀ńdọ́ lọ dáadáa. Àwọn kan ní bóyá àwọn tó ti sanra tẹ́lẹ̀ ló ń gba iṣẹ́ dẹ́rẹ́bà, Morris náà bá lọ wo ìwọ̀n ìbàdí ṣòkòtò iṣẹ́ wọn (ẹ gbọ́ iṣẹ́ o), lóòótọ́ ti dẹ́rẹ́bà fẹ̀ jù. Síbẹ̀ Morris ò yí èrò ẹ̀ padà pé gígùn-sọ̀kalẹ̀ yẹn ló ń ran kọ̀ńdọ́ lọ́wọ́. Òun fúnra ẹ̀ pé ọdún 99 kó tó kú lọ́dún 2009.

Ìbéèrè: Èló wá ni ó tó?

Ìdáhùn: Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ lọ́dún 2020 pé kí àgbàlagbà ṣe ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kí ó sì ṣe iṣẹ́ tó ń fún iṣan lágbára lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ wà níbẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó kánmọ́: ẹ lè bá ẹni tẹ́ ẹ jọ ń rìn sọ̀rọ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ kọrin, èémí ò ní jẹ́.

Ìbéèrè: Ibo ni mo ti fẹ́ rí ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, kó fi pé 150?

Ìdáhùn: Ẹ má wá a. Èmi wá a rí, mo ra kánfáàsì, mo ń jí lọ sáré lójú ọ̀nà LAUTECH, ọjọ́ mẹ́ta péré ni, lọ́jọ́ kẹrin òjò rọ̀, bó ṣe parí nìyẹn, kánfáàsì ọ̀hún ni àbúrò mi ń wọ̀ kiri báyìí. Ohun tó ṣe mí ni pé mo ya àkókò ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún un, àkókò ọ̀tọ̀ sì ni nǹkan mìíì máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹ so ó mọ́ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Tẹ́lẹ̀ wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan kó tó kà, lọ́dún 2020 yẹn ni wọ́n yọ ìyẹn kúrò, ìṣẹ́jú márùn-ún níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún, gbogbo ẹ̀ ló ń wọlé. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú márúwá kó tó dé ọjà. Ẹ fúnra yín lọ ra oúnjẹ ọ̀sán dípò kẹ́ ẹ rán ọmọ. Omi tẹ́ ẹ gbé láti kànga wà níbẹ̀, iyán gígún náà wà níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá gún un ló máa jẹ ẹ́, ẹ rora. Ẹ lọ ní àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́, oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ ò ṣeé fojú di.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ìṣísẹ̀ 10,000 lójúmọ́ ni dandan?

Ìdáhùn: Rárá. Ẹ̀rọ kan tó ń ka ìṣísẹ̀ tí wọ́n tà ní Japan lọ́dún 1965 ló ti wá, orúkọ ẹ̀ gan ni ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjà ni.

Ìbéèrè: Èmi tí mo lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má fi oògùn sílẹ̀ torí ẹ̀ ń rìn. Tí àyà bá fún yín tàbí tóòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dúró, ẹ lọ sọ́síbítù.

Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà. Wọ́n ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́, oní-márúwá tó máa ń gbé wọn wò wọ́n títí, ó ní, "Màmá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"