Káún Inú Ẹ̀wà Kọ́ Ni Kátálísìtì

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Atákúnmọ̀sà, níbí ní Iléṣà, ló bi mí ní ìbéèrè yìí. Ọmọ rẹ̀ ń múra ìdánwò kẹ́mísìrì nídìí ìsọ̀, ó ń ké "kátálísìtì" ṣáá. Ìyá ní, "Tíṣà, ẹ gbà mí. Ṣebí ohun tó ń jẹ́ kí nǹkan tètè ṣe ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀? Káún tá a fi ń se ẹ̀wà ló ń wí yẹn."

Ìdajì ọ̀rọ̀ ni ìyá gbà. Lóòótọ́ ni kátálísìtì ń mú kí èròjà kan tètè di òmíràn. Ìdajì kejì làwọn èèyàn kì í rántí: bó ṣe wọlé ló ṣe ń jáde. Káún ò rí bẹ́ẹ̀. Sódíọ̀mù inú rẹ̀ ń gba ipò kálísíọ̀mù tó so ara ẹ̀wà pọ̀, ibẹ̀ ló sì ń kù sí. Ta ló lè yọ káún àná jáde kó fi se ẹ̀wà òní?

Ohun tí mo fi ń han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni hydrogen peroxide, oògùn tí wọ́n fi ń fọ egbò. Bó bá wà nílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń tú di omi àti ọ́síjìn, ojú ò lè rí i. Ẹ wá bu manganese dioxide díẹ̀ sí i, ìyẹ̀fun dúdú tó wà nínú bátìrì tọ́ọ̀ṣì (wọ́n ti po ẹ̀dú mọ́ ti bátìrì o). Ojú ẹsẹ̀ ni yóò hó yaya. Bó bá dákẹ́, a ó sẹ́ ìyẹ̀fun náà, a ó sá a gbẹ, a ó gbé e sórí ìwọ̀n. Kò dín, kò lé. Ọdọọdún ni akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń fura pé mo bù kún un.

Ọ̀nà àbùjá ni kátálísìtì ń là. Ẹni tó bá ti gun òkè ìṣàn omi Olúmìrìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà mọ ohun tí orúnkún ń rí. Ẹni tó mọ ọ̀nà ẹ̀bá òkè á dé ibi kan náà láìmí hẹlẹhẹlẹ. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ìlú lódìkejì òkè, àbùjá ò lè tẹ ìlú dó. Ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ rárá, kátálísìtì ò lè mú un ṣẹlẹ̀.

Jöns Jacob Berzelius, ará Sweden, ló fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí "títú" sọ iṣẹ́ yìí lórúkọ ní 1835. Lójú tèmi, orúkọ náà ò ro gbogbo rẹ̀ tán. Irin ni kátálísìtì tí wọ́n fi ń so náítírójìn àti háídírójìn pọ̀ di amóníà tí wọ́n ń fi ṣe ajílẹ̀. Síso lèyí, kì í ṣe títú. Bí a bá sì pè é ní "amúyára" lédè wa, iná náà á ní òun ńkọ́. Àwọn olóṣèlú tó ń pe ara wọn ní kátálísìtì ìdàgbàsókè, ẹ bá mi sọ fún wọn pé bí wọ́n bá ṣe tẹ̀wọ̀n tó nígbà tí wọ́n wọlé ló yẹ kí wọ́n tẹ̀wọ̀n nígbà tí wọ́n bá ń jáde.

Èyí tó kàn wá jù wà lẹ́nu wa. Mo mọ̀ pé gbígbé mì ni àwa Ìjẹ̀ṣà ń gbé iyán mì, àmọ́ ẹ bu òkèlè kan láìkan ọbẹ̀, kí ẹ rọra máa jẹ ẹ́ lẹ́nu. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Amylase inú itọ́ ló ń gé sítáàṣì iyán di ṣúgà. Ẹ́nsáìmù ni, kátálísìtì tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀. Irú rẹ̀ kan, papain, wà nínú ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n, òun la fi ń mú ẹran líle rọ̀. Tútù ni kí ẹ fi pa ẹran náà lára, kí ẹ tó gbé e kaná. Bí ẹ bá kọ́kọ́ bọ ìbẹ́pẹ náà, iná ti ba papain jẹ́, ẹran yín á sì le bó ṣe wà.