Ṣé òótọ́ ni pé bàálù tó tóbi jù ló ń mú èrè wá jù?

Bí ọ̀rọ̀ bàálù bá délẹ̀ níwájú àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ibì kan náà ló máa ń já sí. Ẹnì kan á ní àwọn oníbàálù ilẹ̀ wa ò lójú inú, pé ká ní wọ́n ra ọkọ̀ alápẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn ará Dubai fi ń gbé èrò ni, owó tíkẹ́ẹ̀tì London ì bá ti wálẹ̀ tipẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣírò ẹ̀ wò," akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH kan á wí fún àgbà tó ń ṣiyèméjì, "ọkọ̀ kan, èrò 600, lẹ́ẹ̀kan náà. Ibo lèrè ò ní í ti yọ?" Àgbà á ní, "Àbúrò, o ò parọ́," wọn á sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òṣèlú.

Ìṣirò yẹn ní ibi tó ti jóòótọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòro láti já. Bí gbogbo àga bá kún, tí èrò kọ̀ọ̀kan sì san owó gidi, ohun tí bàálù ńlá ń ná lórí ẹnì kan lè dín sí ti kékeré. Ṣùgbọ́n àga ló ṣeé dè mọ́lẹ̀. Èrò tó máa jókòó sórí ẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kejì, nígbà tí ọmọ iléèwé ò sí ní ìsinmi tí ọdún sì ti lọ, kò ṣeé dè.

Ẹ jẹ́ ká fi náírà ṣe é. Owó àfiṣàpẹẹrẹ ni, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kankan, mo kàn mú iye tó rọrùn ni. Ká ní bàálù ńlá ní àga 500, tí ìrìn kan ń jẹ mílíọ̀nù 90 náírà: epo, owó òṣìṣẹ́, owó pápákọ̀, àtúnṣe, gbèsè tí wọ́n fi ra ọkọ̀. Kékeré ní àga 300, ìrìn tirẹ̀ ń jẹ mílíọ̀nù 57. Bí méjèèjì bá kún, àga kan nínú ńlá ń ná wọn ní ₦180,000, ti kékeré ₦190,000. Ńlá borí, akẹ́kọ̀ọ́ wa jàre. Wàyí o, ká ní èrò 300 péré ló jáde lọ́jọ́ náà, tí kálukú wọn san ₦250,000. Mílíọ̀nù 75 ló wọlé fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé wọn. Oníkékeré jèrè mílíọ̀nù 18. Oní-ńlá pàdánù mílíọ̀nù 15, torí pé ohun tí àga tó ṣófo ń dín kù nínú ìnáwó ò tó nǹkan.

Ẹ lè ní kí oní-ńlá dín owó kù kí ọkọ̀ rẹ̀ lè kún. Ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an nìyẹn. Àwọn 300 tí ìrìn di dandan fún ti san tiwọn. 200 yòókù, tí wọn ì bá jókòó sílé, jáde torí pé wọ́n gbọ́ ₦120,000. Mílíọ̀nù 24 tún wọlé, àpapọ̀ rẹ̀ di 99. Ọkọ̀ kún bámúbámú, àwọn èrò ń ya fọ́tò lórí àtẹ̀gùn, èrè rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 9, ìdajì ohun tí oníkékeré rí láìbẹ ẹnikẹ́ni kó wọkọ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ibí ni mo rí i pé ojú àwọn ènìyàn máa ń là sí jù. Ọ̀tọ̀ ni kí ọkọ̀ kún, ọ̀tọ̀ ni kó jèrè. Àga àfikún ni owó rẹ̀ máa ń já wálẹ̀ jù, àga àfikún yẹn náà sì ni bàálù ńlá fi ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ àkókò. Ní gáréèjì wa níbí, ẹni tó fẹ́ dé Ìbàdàn kó tó dọ̀sán ò ní dúró de bọ́ọ̀sì ńlá tó ń gbéra lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, kódà bí owó ẹ̀ bá dín. Mọ́tò tó ń kún lọ́wọ́ ló máa wọ̀. Oníṣòwò tó ń fi bàálù ṣe ìrìn-àjò ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, òun ló sì ń san owó tó jọjú, nínú àwọn àga tó ń tẹ́ bí ibùsùn lápá iwájú. Ilé-iṣẹ́ tó fi ọkọ̀ kékeré méjì rìn láàárọ̀ àti lálẹ́ á gba irú èrò bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹni tó ń fi ńlá kan rìn lọ́wọ́. Bí ńlá bá sì bàjẹ́ lọ́nà, èrò 500 ló máa sùn ní òtẹ́ẹ̀lì lórí owó ẹ̀.

Báwo wá ni ọkọ̀ ńlá ṣe jọba fún ọ̀pọ̀ ọdún? Boeing 747, bàálù ńlá ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin, kọ́kọ́ gbé èrò fún Pan Am, ilé-iṣẹ́ bàálù Amẹ́ríkà kan, láti New York lọ sí London ní oṣù Kìíní 1970. Nígbà tí èyí tó gbẹ̀yìn fi máa jáde ní oṣù Kìíní 2023, wọ́n ti ṣe 1,574. Iye yẹn ló ń tan wá jẹ. Púpọ̀ nínú àwọn tó rà á, jíjìn tó ń jìnnà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á, títóbi rẹ̀ kàn bá a wá ni. Láyé ìgbà yẹn, òfin Amẹ́ríkà ò gbà kí bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì jìnnà sí pápákọ̀ ju ibi tó lè fi ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo dé ní ìṣẹ́jú 60. Ẹni tó bá fẹ́ la àárín òkun ńlá kọjá tààrà, ẹ́ńjìnnì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni kó rà. DC-10 tí Nigeria Airways ń lò nígbà náà, ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́ta ni.

Ní 1985, wọ́n fa ìṣẹ́jú 60 yẹn dé 120. Lẹ́yìn náà ó di 180. Lónìí, wọ́n ti fọwọ́ sí Airbus A350, ẹlẹ́ńjìnnì méjì, fún ìṣẹ́jú 370, ìyẹn ju wákàtí mẹ́fà lọ lórí ẹ́ńjìnnì kan. Boeing 777-300ER bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004, 787 ní 2011, A350 ní 2015. Ibi jíjìn tí 747 àti àwọn ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́ta tàbí mẹ́rin bíi tirẹ̀ nìkan ń dé tẹ́lẹ̀, àwọn wọ̀nyí ń dé ibẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì méjì láti bọ́, láti tún ṣe, láti pààrọ̀. Èrò tí wọ́n nílò kí wọ́n tó gbéra ò sì tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n lè gbé èèyàn tààrà láti ìlú tí kò tóbi lọ sí òmíràn, láì kọ́kọ́ kó gbogbo ayé jọ sí pápákọ̀ kan.

Àárín èyí ni Airbus A380, ọkọ̀ alápẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń sọ ní Tákíè, wọ̀. Ó kọ́kọ́ fò ní Toulouse, ilẹ̀ Faransé, ní oṣù Kẹrin 2005, Singapore Airlines sì fi gbé èrò lọ sí Sydney ní oṣù Kẹwàá 2007. Airbus ti lérò pé ọjà wà fún bíi 1,200 irú bàálù gàgàrà bẹ́ẹ̀. 251 péré ni wọ́n rí tà. 123 nínú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló rà á, ìyẹn Emirates ti Dubai. Nígbà tí Emirates yọ 39 kúrò nínú èyí tó ti béèrè, ní oṣù Kejì 2019, Airbus kéde pé àwọn máa dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Èyí tó gbẹ̀yìn kúrò lọ́wọ́ wọn ní oṣù Kejìlá 2021.

Ọkọ̀ náà fúnra ẹ̀ ní ẹrù tó ń gbé lọ́rùn. Wọ́n ṣe ìyẹ́ rẹ̀ ju bí ara rẹ̀ ṣe gùn lọ, torí wọ́n ní i lọ́kàn láti fa ara náà gùn sí i lọ́jọ́ iwájú. Èyí tó gùn yẹn ò wáyé, ìyẹ́ tó wúwo ló kù. Pẹ̀lú epo tó kún dẹ́nu, nǹkan bíi 320,000 lítà ló ń gbà. Àwọn tánkà 33,000 lítà tó ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá lọ sókè Ọya, bíi mẹ́wàá nínú wọn ló máa já sínú ẹ̀.

Ibi tí iyàn Tákíè kì í dé rárá ni ikùn ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ bàálù èrò ló ń gbé ẹrù oníṣòwò sísàlẹ̀: fóònù, oògùn, ẹja tútù, òdòdó. Owó gidi ni. Ṣùgbọ́n pẹ̀tẹ́ẹ̀sì A380 kún fún èrò, ìsàlẹ̀ kún fún èrò, àpótí gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ wọ ikùn kan ṣoṣo. Bí àpótí bá ti wọlé tán, àyè tó kù fún ẹrù títà kéré sí èyí tó ń kù nínú 777-300ER, tó jẹ́ pé kò gbé èrò tó o. Ìyẹn ò yé ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: ọkọ̀ èrò tó tóbi jù láyé, kò ní àyè.

Títà lẹ́yìn ìlò náà wà níbẹ̀. 747 tó bá darúgbó fún èrò lè di ọkọ̀ ẹrù. Imú rẹ̀ tiẹ̀ ń ṣí sókè lára èyí tí wọ́n ṣe fún ẹrù láti ilẹ̀. A380 kò rí ọ̀nà yẹn. FedEx àti UPS, àwọn ilé-iṣẹ́ akẹ́rù, ti kọ́kọ́ béèrè fún oríṣi ẹlẹ́rù, àwọn méjèèjì fà sẹ́yìn, Airbus ò sì ṣe é mọ́. Nígbà tí Singapore Airlines dá àwọn àkọ́kọ́ tó yá lò padà fún ẹni tó ni wọ́n, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 10, ẹni tó fẹ́ gbà wọ́n ṣọ̀wọ́n, méjì nínú wọn sì lọ sí Tarbes ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti tú wọn palẹ̀ kí wọ́n lè ta ara wọn ní pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ tí iye tí wọ́n kọ sí i lára lé ní mílíọ̀nù 400 dọ́là, àlòkù rẹ̀ ò níye lórí àfi bí wọ́n bá tú u.

Ẹ má wá gba ibí yìí bọ́ sínú àṣìṣe kejì, ti àwọn tó ń sọ pé ẹni tó bá ra bàálù ńlá ti ya wèrè. Emirates ò ya wèrè. Dubai wà láàárín Yúróòpù, Éṣíà àti Áfíríkà, pápákọ̀ rẹ̀ ń ṣí tọ̀sán-tòru, àwọn ọkọ̀ á kó èrò dé láti ìlú púpọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, wọ́n á sì tún un pín. Ẹgbẹ̀ẹ́gbẹ̀rún èrò ló ń wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bákan náà ni Heathrow ní London, tó ní ojú-ọ̀nà ìbalẹ̀ méjì péré: àyè láti balẹ̀ níbẹ̀ ṣọ̀wọ́n débi pé ẹni tó bá ní ìwọ̀nba rẹ̀ á fẹ́ kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbé èrò tó pọ̀ jù. ANA ti Japan ra A380 mẹ́ta fún Tokyo sí Honolulu nìkan, níbi tí àwọn tó ń lọ gbádùn ìsinmi kì í tán.

Nílé wa níbí, àwọn tó ti lọ Hájì rí ti wọ bàálù ńlá. Max Air àti Kabo Air ti Kánò lo 747 àlòkù fún iṣẹ́ náà. Owó ti wọlé kó tó di ọjọ́ ìrìn, orúkọ èrò ti wà nínú ìwé, gbogbo wọn fẹ́ lọ lásìkò kan náà. Wọ́n á kó wọn lọ tán, ọkọ̀ á padà lófìfo, wọ́n sì ti ka ìyẹn mọ́ owó tí wọ́n gbà. Tí Hájì bá parí, ojoojúmọ́ kọ́ ni irú èrò bẹ́ẹ̀ ń yọjú.

Àwọn kan á bi mí pé kí ló dé tí Lufthansa àti Etihad, tí wọ́n ti gbé A380 tiwọn tì nígbà kòrónà, tún gbé e jáde ní 2023. Èrò padà dé kíákíá, bẹ́ẹ̀ ni Boeing 777X, ọkọ̀ ńlá tuntun tí wọ́n ń retí, tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020, ṣì ń falẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ti ní nílẹ̀ ni wọ́n gbé jáde. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó lè ra tuntun mọ́, bó tiẹ̀ wù ú.

Ní ti owó tíkẹ́ẹ̀tì London tí wọ́n ń jiyàn lé lórí, Air Peace bẹ̀rẹ̀ Èkó sí Gatwick ní oṣù Kẹta 2024 pẹ̀lú 777, ẹlẹ́ńjìnnì méjì, iye owó sì wálẹ̀ lọ́jà nígbà náà, torí pé ẹnìkan tún dé tó ń bá àwọn tó wà níbẹ̀ du èrò. Fún ìrìn inú ilé, èyí tí ilé-iṣẹ́ kan náà ń gbà wọlé láti 2021 ni Embraer 195-E2. Àga 124 ló ní.