Òǹtajà ń bú ọkọ̀ ẹlòmíràn, ẹ ò sì bi í léèrè igi inú tirẹ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, ènìyàn mẹ́ta ló fa ọkọ̀ ojú omi síkì wá bá mi pé kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti sanwó tán! Ẹni tó ti gbéyàwó wọlé ló ń ṣẹ̀ṣẹ̀ rán alárinà lọ wádìí ìdílé. Mo bi wọ́n pé kí ló wù wọ́n nínú ọkọ̀ tí wọ́n rà. Kò sí ẹni tó rí nǹkan kan sọ nípa rẹ̀. Ohun tí òǹtajà sọ nípa ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń kà fún mi bí orin: "Ó ní igi inú ti àwọn yẹn máa ń jẹrà." "Ó ní ẹ́ńjìnì wọn kì í pẹ́." "Ó ní ilé-iṣẹ́ wọn ò ní pẹ́ kógbá wọlé."

Iṣẹ́ mi ni kí n yẹ ọkọ̀ wò kí ẹ tó rà á, kí n sì bá yín tún un ṣe tí ẹ bá rà á láìpè mí. Èkejì yìí ló ń mówó wọlé fún mi jù, nítorí náà kì í ṣe torí àpò ara mi ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

Mi ò ní fa àlàyé ọkọ̀ síkì gùn: ọkọ̀ ojú omi tó ń fi okùn fa ẹni tó wọ síkì, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́, sẹ́sẹ̀ ni. Ẹni tó ń wá a kiri ti mọ̀ pé òun fẹ́ kí okùn fa òun lórí omi.

Kò sẹ́ni tó máa fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀. Bí òǹtajà bá yin ọjà tirẹ̀, kò ṣẹ̀ mí. Èébú tó ń bú ti ẹlòmíràn ni kí ẹ tẹ́tí sí dáadáa, torí ohun tí kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ló máa ń bú jù. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ibi tí ẹ́ńjìnì jókòó sí. Ọkọ̀ tí àwọn tó ń díje ń lò, àárín gbùngbùn ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà, ọ̀pá tó ń yí abẹ̀bẹ̀ sì lọ tààrà sẹ́yìn láti ibẹ̀. Ọkọ̀ náà á dúró déédéé, ìgbì tó ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn á sì kéré. Ẹni tí wọ́n ń fà ní kìlómítà 58 ní wákàtí kan, tó ń gé ìgbì yẹn kọjá láti ọ̀tún sí òsì, mọ ìdí tí a fi fẹ́ kó kéré. Oríṣi kejì ni V-drive, ẹ̀yìn ọkọ̀ pátápátá ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnì tirẹ̀ sí. Àyè ìjókòó pọ̀ nínú rẹ̀, ìgbì rẹ̀ ga, àwọn tó ń gun pátákó fífẹ̀ lórí ìgbì sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òǹtajà tó jẹ́ pé V-drive nìkan ló kún ilé rẹ̀ á sọ fún yín pé, "Ẹ́ńjìnì àárín kẹ̀? Ayé àtijọ́ nìyẹn." Ẹni tí Ski Nautique tàbí MasterCraft ProStar, àwọn ọkọ̀ ẹ́ńjìnì àárín, wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà á ní ọkọ̀ ìgbafẹ́ lásán ni V-drive. Kò sí èyí tó purọ́ tán nínú wọn, kò sì sí èyí tó sòótọ́ tán. Ohun tí ẹ̀yin fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe ni wọn ò bi yín.

Ti ẹ́ńjìnì ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ ṣí ìdérí ọkọ̀ méjì tí òǹtajà wọn ń bú ara wọn, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀, bulọ́ọ̀kì V8 (ara ẹ́ńjìnì onísìlíńdà mẹ́jọ) ti General Motors ni, ìran kan náà pẹ̀lú èyí tó ń fa ọkọ̀ akẹ́rù lójú títì. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi PCM, Indmar àti Ilmor ló ń gbà á, tí wọ́n ń tún un mọ kó lè bá omi lò. Nígbà tó yá, Indmar náà mú ti Ford. Malibu, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ síkì, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ látorí ọkọ̀ ọdún 2019, bulọ́ọ̀kì General Motors náà ló sì mú. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ẹ̀wù ni wọ́n pààrọ̀.

Èyí tó tún wà ni pé, "Ọkọ̀ wa ló fa ẹni tó gba ipò kìíní." Ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ gbé wá síbi ìdíje lọ́jọ́ náà ló fà á, kí ni kó tún fà á? Nígbà tí Ralph Samuelson, ẹni tí wọ́n ní ó kọ́kọ́ ṣe síkì orí omi, dúró lórí síkì ní adágún Pepin ní Minnesota ní Amẹ́ríkà ní 1922, ọkọ̀ síkì kankan ò tíì sí láyé.

Mo mọ òǹtajà kan tó fi ọdún púpọ̀ bú àmì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan. Ó ní ìdí ọkọ̀ wọn fẹ́lẹ́ bíi pépà. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ tó ń bá tajà gba ọjà wọn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá lọ gba ti àwọn tó ń bú. Mo yà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo bá a nínú ẹ̀wù wọn, ó ń sọ fún oníbàárà pé ìdí ọkọ̀ yìí fúyẹ́, pé ìdí nìyẹn tó fi ń sáré. Ìdí kan náà ni o! A wojú ara wa, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀."

Ó yá, igi ló kàn. Èyí ni mi ò ní yára kúrò lórí rẹ̀.

Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Lábẹ́ ilẹ̀ tí ẹ̀ ń tẹ̀ nínú ọkọ̀, àwọn òpó gígùn kan wà níbẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Àwọn ló gba ìdí ọkọ̀ mú, àwọn náà ni wọ́n de ẹ́ńjìnì mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọdún 1970 sí 1989, igi tí wọ́n fi fáíbà wé ni òpó yìí, kì í ṣe ti àmì kan ṣoṣo. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá fi igi sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, tí òǹtajà bá ní "ti àwọn yẹn ń jẹrà, tiwa kì í jẹrà," ọdún wo ló ń sọ? Tuntun tirẹ̀ ló ń fi wé ògbólógbòó ti ẹlòmíràn. Ẹ lọ sẹ́yìn ọkọ̀ lápá ọ̀tún, nọ́ńbà oníhóró 12 wà níbẹ̀. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti nǹkan bí 1984, méjì tó gbẹ̀yìn ló ń sọ ọdún rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn kì í gba kọmíṣàn.

Omi tó ń ba igi yìí jẹ́ kì í gba ìsàlẹ̀ wọlé bí ẹ ṣe rò. Òkè ló ti ń wá. Ẹnì kan fẹ́ de ìjókòó, ó lu ihò sílẹ̀ ọkọ̀, kò fi nǹkan dí i. Omi rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá igi. Fáíbà tí wọ́n ní kó dáàbò bo igi kò wá jẹ́ kí omi náà jáde mọ́. Fóòmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mu tirẹ̀ yó, ó gbé e pamọ́. Igi tó rì sómi pátápátá lè pẹ́; èyí tó tutù tí atẹ́gùn tún ń kàn díẹ̀díẹ̀ ni ìbátan olú máa ń jẹ di ẹ̀tù. Lójú, ọkọ̀ náà á ṣì máa dán gbinrin.

Bí mo ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyí. Mo máa ń fi ẹ̀yìn sìkúrú-dẹ́rẹ́fà kan òpó náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Èyí tó dáa á dún ko, ko, ko. Èyí tó ti jẹrà á dún bù, bí ìgbà tí èèyàn lu tìmùtìmù. Lẹ́yìn náà ni mo máa fi sípánà sí bóòtù tó de ẹ́ńjìnì mọ́ igi. Tó bá ń yí gbirigbiri láìní dúró, kò sí ohun tó dì mú mọ́. Mo tún máa ń gbé ọkọ̀ sórí ìwọ̀n, kí n fi wé ohun tí ilé-iṣẹ́ kọ. Fóòmù tó mumi yó kò ṣeé fi ẹnu gbèjà. Àwọn kan ra ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin, wọ́n bá sọ ara wọn di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Èmi náà ní ọ̀kan. Kò lè ṣe ohun tí etí mi ń ṣe.

Ẹ wá gbọ́ ti àwọn tó ní ìwòsàn ẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n á lu ihò wẹẹrẹ sí igi jíjẹrà, wọ́n á da epoxy, gọ́ọ̀mù olómi tó máa ń le, sí i, wọ́n á ní ó ti le. Òkè rẹ̀ ló le! Ọ̀rinrin wà nísàlẹ̀, ó ń jẹun lọ. Bí ẹ́ńjìnì bá ti gbọ̀n lẹ́ẹ̀mélòó kan, gbogbo rẹ̀ á ya sọ́tọ̀ bí èèpo, èmi ni wọ́n sì máa gbé e wá bá. Ìtọ́jú rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: kí a yọ ẹ́ńjìnì, kí a gé ilẹ̀ ọkọ̀, kí a kó gbogbo rẹ̀ jáde.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí mo sọ, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí ni bóyá oríburúkú wà nínú kí èèyàn pa orúkọ ọkọ̀ dà, nítorí ó gbọ́ pé àwọn atukọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ! Mo ní kó jọ̀ọ́, kó dì í mú ná. Òun gan-an ni òǹtajà sọ fún pé àmì kan wà tí igi rẹ̀ máa ń jẹrà, kó má sún mọ́ ọn, ló bá ra èyí tí òǹtajà ń tà. Ọkọ̀ ọdún 1986 ni. Mo fi sípánà sí bóòtù ẹ́ńjìnì, mi ò tíì lo agbára kankan, ìka méjì ni mo fi fà á jáde. Omi dúdú tẹ̀lé e, ó ń rùn bí ewé tó rà sínú kòtò.

Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká ní èyí tó bú yẹn ni mo rà ni?"

Mo mú un lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó bú yẹn ló wà nílẹ̀ níbẹ̀, 1986 lòun náà. A ti yọ ẹ́ńjìnì rẹ̀, ọmọṣẹ́ mi wà nínú rẹ̀, ó ń fi ṣíbí kó igi jáde.